Onídígí, Ojúlarí àti Àwo Òfò

Bí Onídígí bá bá ènìyàn pàdé lọ́nà, kì í ṣe ojú onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ wò, awò tó wà lójú rẹ̀ ni. Bí apá kan awò náà bá fi bíńtín ga ju èkejì lọ, ọwọ́ Onídígí yóò ti débẹ̀ kí wọ́n tó kíra tán. Ó ti ṣe é fún olùkọ́, ó ti ṣe é fún adájọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin bàbá ìyàwó rẹ̀, tí àwọn ènìyàn tò lọ bẹẹrẹ láti bá ẹbí kẹ́dùn, òun ló dá gbogbo ìlà dúró, nítorí ó rí i pé awò àbúrò olóògbé ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yọ irin tín-ín-rín kan nínú àpò aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀, ó fún ìdè awò náà le, ó nu dígí rẹ̀, ó dá a padà sójú onítọ̀hún, lẹ́yìn náà ló tó rántí sọ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó jìnnà síra wọn. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

Kì í ṣe àfojúdi, iṣẹ́ ló ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti lò nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù awò kan tó wà lókè ọ̀dọ̀ atúnbàtàṣe. Dókítà ojú ló ni yàrá iwájú, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Bó bá ti yẹ ojú ènìyàn wò tán, yóò kọ nọ́ńbà sórí bébà pélébé, yóò tì í gba ihò kékeré kan lára ògiri sí Onídígí. Onídígí yóò gbé dígí sórí ẹ̀rọ tó ń yí, omi yóò máa kán sí i, yóò máa lọ̀ ọ́, yóò gbé e sókè wò sí fèrèsé, yóò tún máa lọ̀ ọ́, títí tí kò fi ní sí àṣìṣe tó tó fọ́nrán irun nínú rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè mú un jáde wá bá àwọn oníbàárà: bó bá gbọ́ tí òbí kan ń bú ọmọ rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé, pé kò mọ̀wé. Yóò nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò yọjú, yóò ní, “Ọmọ yín kì í ṣe olódo. Kò rí pátákó ni.” Ó ti sọ ọ́ lásọtúnsọ tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà fi máa ń mi orí sí i kó tó sọ ọ́ tán.

Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí ti lọ sílé ọkọ. Ó ku òun, ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ, ìyá ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, àti ajá. Ìyá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń gbé inú ilé ẹni tó ń ṣe awò láì gbà kí awò kan ojú òun. Ó ní ojú òun mọ́ bí omi àpáta, pé àwọn tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni ojú máa ń rẹ̀. Bó bá bu iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà, yóò mu ún tán pátápátá, yóò ní bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní ti ajá, ayálégbé kan ló kó kúrò nílé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tó fi í sílẹ̀. Ajá náà jókòó sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń gòkè bí ẹni pé wọ́n jẹ ẹ́ ní àlàyé. Etí rẹ̀ kan dúró, èkejì sùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, Onídígí mú un lọ sílé, ó sì sọ ọ́ ní Ojúlarí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń rò, kò ro nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n aránṣọ tó ń gbé ní iwájú ilé wọn gbọ́ orúkọ náà, ó sì parí òwe yẹn fúnra rẹ̀: ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ó ní òun ni wọ́n ń fi ajá bá wí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi kí wọn, àfìgbà tí ìyàwó Onídígí lọ bá a, tó sì fi dá a lójú pé ọkọ òun kò gbọ́n tó ẹni tí ń fi òwe búni.

Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìsí wàhálà, títí àbúrò Onídígí fi dé pẹ̀lú àwo.

Ìyá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n bí Onídígí ṣe máa ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ máa ń da tirẹ̀ sílẹ̀ gbàràgàdà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Kò sí èrò ọkọ̀ rẹ̀ kan tí kò mọ iye eyín tó wà lẹ́nu ajá rẹ̀, nítorí ìtàn ajá náà ló fi ń wakọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó kó gbogbo wọn lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ó yọ àwo rọ́bà kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ fì tó fi ń fò lọ bí ẹyẹ. Ó jù ú. Ajá rẹ̀, dúdú gíga kan báyìí, sá tẹ̀ lé e, ó fò sókè, ó sì hán an lófuurufú bí àwòdì ṣe ń hán òròmọdìyẹ. Àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù dá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó wá kọjú sí Ojúlarí, ó jù ú sí i. Àwo náà fò dé, ó gba ọrùn Ojúlarí. Ajá náà dìde, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn Onídígí, ó jókòó síbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o,” ni àbúrò wí. “Olówó ajá lajá ń fìwà jọ. Ajá yín ṣì ń rò ó wò ni. Ẹ̀yin náà, awò lẹ mọ̀, ẹ ò mọ àwo.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Onídígí rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dùn ún jù.  Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó ra àwo rọ́bà pupa kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti ẹfun ìkọ̀wé.

Ilẹ̀ koríko kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, kò fẹ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ ni Onídígí sọ di ilé ẹ̀kọ́. Ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó fi ẹfun ṣàmì sí òkúta tí òun yóò dúró lé, ó ṣàmì sí ibi tí ajá yóò wà. Nítorí pé ó ti fara balẹ̀ wo bí ajá àbúrò rẹ̀ ṣe dúró, ó gbé Ojúlarí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ òun, kò sì gbà kó yí padà rárá. Lójoojúmọ́, bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó jẹun, ogún ìgbà ni yóò ju àwo. Ohun tó kọ sínú ìwé lọ́jọ́ kìíní nìyí: “Ìjù kìíní, ó kọjá lọ. Ìjù kejì, imú. Ìjù kẹta, etí tó sùn. Ìjù kẹrin, ajá kò sí ní àrọ́wọ́tó.”

Lójú ara rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í rọrùn. Ó tún nǹkan ṣe. Ó dín ìwọ̀n ilẹ̀ kù, àwo wá ń dé sí imú ajá kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi kún un, àwo wá ń lọ sí ibi tó wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, afẹ́fẹ́ gbé e wọ fèrèsé aránṣọ, ó sì balẹ̀ sórí itan oníbàárà kan tó jókòó tó ń dúró de aṣọ rẹ̀. Aránṣọ kò bá wọn jà. Ó kàn gbé àwo náà wá fúnra rẹ̀, ó bi Onídígí bóyá òwe mìíràn nìyẹn.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan náà. Onídígí ní àwo ìfò ni, nítorí pé ó ń fò.

“Àna mi, ẹ ṣì í pè,” ni Ìyá Àgbà wí. “Àwo òfò ni.”

Orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Bó bá kù díẹ̀ kí Onídígí ti ibi iṣẹ́ dé, ìyàwó rẹ̀ á ní kí wọ́n kó aṣọ kúrò lórí okùn, pé ó ti tó àsìkò òfò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Onídígí ronú pé bóyá kò yé ajá náà ni. Ó ní ẹ̀kọ́ tí a kò bá fi hàn ní ojúkojú, òfìfo ni. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí pápá ẹ̀yìn ilé ìwé ní ọjọ́ ìsinmi, ó so Ojúlarí mọ́ ìdí igi kó lè máa wò, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun máa ju àwo, kí òun máa fi ẹnu hán an.  Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó dá a lójú. Onídígí ní ó dá òun lójú. Ọwọ́ tó ti ń ti irin gbígbóná kiri lórí aṣọ láti ogún ọdún kì í ṣe ọwọ́ ọ̀lẹ: èkíní gbá a ní iwájú orí, èkejì mi eyín iwájú rẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ní ìkẹfà, Onídígí rá kòrò síwájú, ó yánu, ó sì hán an pàkò. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tó fi rá kòrò yí igi náà ká lẹ́ẹ̀kan, kí Ojúlarí lè rí i dáadáa.

Níbi tó ti ń yí i ká ló ti pàdé ẹsẹ̀ mẹ́fà. Dókítà ni, pẹ̀lú àwọn dókítà ojú méjì tó wá kí i láti ìlú mìíràn, tí ó ń mú rìn kiri. Dókítà kí i pé ó kú ìrọ̀lẹ́. Onídígí kò lè dáhùn, àwo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà iwájú orí rẹ̀ wọ inú koríko lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà rọra béèrè bóyá ẹni tó ń lọ dígí wọn nìyẹn. Dókítà ní òun ni, pé kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í ṣe é tọkàntọkàn. Wọ́n sì kọjá lọ.

Ojúlarí ti sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Onídígí jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bébà àkọ́kọ́ gba ojú ihò ògiri wọlé, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ bó ti yẹ. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, Dókítà kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, “Ṣé ajá náà ti mọ̀ ọ́n?” Onídígí fi bébà náà pamọ́ sínú àpò, kò fi han ìyàwó rẹ̀.

Ohun tó wá burú ni pé ẹ̀rù àwo ti wọ Ojúlarí lára. Kì í ṣe àwo pupa nìkan, àwo gbogbo ni. Bí ìyàwó Onídígí bá ti gbé oúnjẹ yọ láti ilé ìdáná, ajá yóò ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ lórí ìwé ìròyìn. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ajá náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, pé kì í ṣe gbogbo ajá ni Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ àwo. Ṣùgbọ́n Onídígí ti ju àwo ju ẹgbẹ̀rin ìgbà lọ, kò sì sí ọ̀kan tí ajá hán. Ó ní bí òun bá dúró báyìí, gbogbo rẹ̀ yóò já sí òfo.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ju àwo náà, ó rọra jù ú bí ẹni ń gbé ẹyin fún ọmọdé. Ojúlarí jókòó sójú àmì rẹ̀, ó wo ọ̀ọ́kán. Àwo náà wá, ó bá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ajá náà gbọ̀n rìrì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Inú bí Onídígí gan-an. Ó he àwo náà, ó là á mọ́lẹ̀. “Olódo ni ọ́!” ni ó pariwo. “Olódo paraku ni ọ́.”

“Ẹ yéé bú u,” ni Ìyá Àgbà wí láti orí àga rẹ̀. “Ajá yẹn ò ríran.”

Onídígí fi sùúrù dáhùn, nítorí ìyá ìyàwó ni. Ó ní ajá tó ń mọ̀ pé eegun wà nílé ìdáná láti ìta, báwo ni kò ṣe ní ríran?

“Imú ló fi ń rí eegun. Ẹsẹ̀ àga mi níbí ló máa ń sùn sí. Tí ẹ bá gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọlé, ìrù rẹ̀ á ti máa lu ẹsẹ̀ àga kí ẹ tó yanu. Tí ẹ bá gba ọwọ́ òsì, ìrù á dákẹ́. Ó ń dúró de ohùn ni. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kí mi kó tó máa jù ú, bí ẹni pé ó ti rí yín tipẹ́.”

“Ìyá, báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn?”

Ìyá Àgbà pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí itan. 

“Ohun tí èmi náà ń ṣe ni.”

 Onídígí lọ bá ajá náà, ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Ó gbé ìka kan láti ọ̀tún, Ojúlarí yíjú, ó lá a. Ó gbé ìka náà láti òsì, ó sún mọ́ ojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú, ajá náà kò ṣẹ́jú. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń yẹ dígí wò, ó tàn án. Nínú ẹyinjú òsì, jìnnà sínú, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn mí sára dígí.

Ó jókòó sílẹ̀ pátápátá. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wo ojú ajá yìí láràárọ̀. Bí ìlà tó tó fọ́nrán irun bá wà lára dígí, òun ló ń rí i. Tíì oníyọ̀ tí Ìyá Àgbà ń mu ńkọ́? Ó ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́ pé àgbà obìnrin kan wà nílé òun tó fẹ́ràn iyọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, tó bá ọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó di ajá mọ́ra, ìyá rẹ̀ sì dákẹ́ lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kó tó béèrè ẹni tó kú.

Onídígí gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Dókítà lọ. Dókítà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó mú ajá náà wá nígbà tí àwọn oníbàárà bá lọ tán. Ní ti Ìyá Àgbà, wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kó wá yẹ ojú wò, kò ní dìde lórí àga. Nítorí náà, ìyàwó Onídígí sọ fún un pé ẹ̀rù máa ń ba ajá náà níbi àjèjì, pé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń fara balẹ̀ sí. Ìyá Àgbà ní òótọ́ ni. Wọ́n gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Ojúlarí kọ̀, kò gun àga aláìsàn. Dókítà fi ohùn jẹ́jẹ́ ní bóyá bí ẹnìkan tó mọ̀ bá kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, tó gbé àgbọ̀n sórí irin tó wà níwájú ẹ̀rọ ìyẹjúwò yẹn, ajá á rí i pé kò sí ewu. Ìyá Àgbà wo ọ̀kánkán ibi tí ohùn ti wá.

“Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe o,” ni ó wí. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sórí irin, ó ní ti ajá ni òun ń ṣe. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Ajá gba ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ọgbẹ́ àtijọ́ ló ba ojú òsì rẹ̀ jẹ́, bóyá kó tó débi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù rárá, kò sì sí àtúnṣe, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún dá ṣáká. Dókítà wá béèrè àwọ̀ àwo tí wọ́n ń jù. Onídígí ní pupa ni. Dókítà ní ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá pupa mọ̀ nínú koríko tútù, pé búlúù ni ojú wọn mọ̀ dáadáa.

Onídígí ṣírò ọ̀rọ̀ náà. “Dókítà, a jẹ́ pé ohun tí kò lè rí ni mo ń jù sí ojú tí kò ríran, fún ọ̀sẹ̀ méje.”

“Ẹ tún fi ẹnu yín hán an hàn án,” ni Dókítà wí. Ìgbà yẹn ni Onídígí kọ́kọ́ rí i tó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó kun àwo náà ní búlúù. Ó pa gbogbo àmì ẹfun rẹ́. Ó dúró sí ọ̀tún Ojúlarí, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì jù ú ní ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Àwo náà kọjá, ajá kò hán an, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yí tẹ̀ lé e láti ibi tó ti kúrò dé ibi tó balẹ̀. Ọkàn Onídígí fò. Èkejì kan eyín ajá, àwo já bọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu eyín. Ní ọjọ́ kẹrin, àwo dé, ẹnu Ojúlarí pa dé, àwo sì wà nínú rẹ̀. Ó ya ajá náà lẹ́nu ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó dúró gbagidi, kò mọ ohun tó kàn. Onídígí náà kò mọ̀ ọ́n, nítorí kò fi ojú ìwé sílẹ̀ fún un nínú ìwé àkọsílẹ̀. Ojúlarí wá gbé àwo wọlé, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, ó sì jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Búrẹ́dì ni wọ́n fi gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Onídígí fi lọ dígí Ìyá Àgbà. Nígbà tó fi awò náà sí i lójú, ìyá náà kọ́kọ́ wo ọmọ rẹ̀ títí, ó ní, “O ti hu ewú,” ó sì fọwọ́ kan irun rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àna rẹ̀.

“Ẹ̀yin nìyí? Ohùn yín ga jù yín lọ.”

Kò sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ àti ṣúgà. Ó kàn gbé agolo méjèèjì sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń tò wọ́n sí ibi tí kò yẹ nínú ilé yìí.

Àbúrò Onídígí tún dé ní ọjọ́ ìsinmi kan, òun àti ajá dúdú. Wọ́n lọ sí pápá. Ìjù mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n fi sí i, Ìyá Àgbà ló jókòó ka iye. Ajá dúdú hán mẹ́sàn-án. Ojúlarí hán méjì. Àbúrò da ẹ̀rín sílẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti gbìyànjú, pé ajá tó fi odindi oṣù mẹ́ta mọ méjì, yóò mọ mẹ́wàá kó tó kú. Onídígí ń rẹ́rìn-ín. Ó ń nu koríko kúrò lẹ́nu ajá rẹ̀, kò ṣàlàyé nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn sí méjì náà dé ibi tí àlàyé kò fi wá sí i lọ́kàn.

Ìyá Àgbà ni kò lè pa á mọ́ra. “Ojú kan ni ajá tẹ̀gbọ́n rẹ ní,” ni ó sọ fún àbúrò. “Òsì ò ríran. Ojú kan ló fi hán méjì yẹn.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu àbúrò. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú Ojúlarí, ó wo ojú náà fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé àwo búlúù fún Onídígí, ó rìn lọ ní bí ogún ìṣísẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jù ú.”

“Fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀ jàre.”

“Ẹ jù ú, kí n wò ó.”

Onídígí jù ú. Ọwọ́ kan tó kù fún àbúrò lọ sí òkè, àwo gba ìsàlẹ̀ wá, ó sì bá a ní orí imú kòn-ín. Àbúrò wá jókòó sílẹ̀, ó di imú mú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n tún un jù. Wọ́n tún un jù ní ìgbà mẹ́sàn-án, kò hán ọ̀kan. Ìyàwó Onídígí náà bo ojú kan, ó hán ẹyọ kan, Ìyá Àgbà sì ní ọwọ́ ló fi hán an, ẹnu ni ajá lò, ìdajì ni òun máa kọ fún un. Wọ́n jiyàn lórí ìdajì yẹn títí wọ́n fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àbúrò gun orí àga ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lórí imú, àwọn èrò bi í ohun tó ṣe é. Ó tẹ iná ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn nínú dígí, ó ní ajá ẹ̀gbọ́n òun ló na òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kí ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdókọ̀.